Káàdì aláró mi dé Jámánì, aró ti ṣí: ẹ̀yin tí ẹ ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ránṣẹ́ ní pósófíìsì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ_Aláró_Ìrèmọ
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́wọ́ iṣẹ́. Ìrèmọ ni mo ń gbé, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Aláró ni ìyá tó bí ìyá mi. Wọ́n ti sùn, ṣùgbọ́n ìkòkò aró wọn méjì ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀kọ sára aṣọ, kí aró má baà mú ibẹ̀, sì wà lọ́wọ́ mi, mo wé e sínú bébà.

Láti ọdún tó kọjá ni èmi àtàwọn èèyàn mélòó kan ti ń fi káàdì ọwọ́ ṣe pàṣípààrọ̀. Káàdì kékeré ni, kò ju káàdì wọ́ọ̀tì lọ: mìlímítà 64 ní ìbú, 89 ní gígùn. A kì í tà á. Tìrẹ lo máa fi gba tẹlòmíì. Èmi á ṣe tèmi, mo lẹ sítáǹbù, mo fi ránṣẹ́; tó bá yá, tiwọn á dé. Mọ́kànlá ló ti wọlé sọ́wọ́ mi báyìí. Ọ̀kan wá láti Kánádà, wọ́n fi òwú pupa rán ẹyẹ sí i lára, ẹyẹ náà kò tó èékánná àtàǹpàkò mi, síbẹ̀ ojú rẹ̀ ń dán.

Ìṣòro mi rèé. Mo fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Olókun sórí bébà líle, mo fi aró kùn ún, mo ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ó dára lójú mi, mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin kan ní Jámánì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: aró ti ṣí sára lẹ́tà tí mo kọ, ó ti ṣí sínú àpòòwé, káàdì fúnra rẹ̀ sì ti ká bí ewé tí oòrùn pa. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní òun fọwọ́ kàn án, ìka òun di aláwọ̀ aró, inú òun sì dùn. Ṣùgbọ́n inú tèmi kò dùn rárá, nítorí mo mọ̀ pé aṣọ tí ìyá àgbà mi pa láró kì í ṣí bẹ́ẹ̀.

Òmíràn tí mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà ti pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ́nà, kò tíì dé. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? Ẹ jọ̀ọ́.

Olóǹtẹ̀_Lágere
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án kọjá

Ẹ kú iṣẹ́ o, àbúrò. Òǹtẹ̀ ni èmi ń gbẹ́, mo ń fi òǹtẹ̀ ṣe káàdì. Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó ni mò ń lò: mo fi bíléèdì gé e bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gbẹ́ ọnà sójú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ íńkì. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó má wá rọ́bà olówó ńlá kiri. Sílípáàsì kan á mú òǹtẹ̀ mẹ́fà jáde.

Ní ti ká tó ń ká: bébà tí omi bá kan lójú kan, ojú kejì gbẹ, dandan ni kó ká. Nígbà tí bébà rẹ bá ṣì tutù, fi téèpù dè é mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ pátákó, má yọ ọ́ títí tó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà fi ìwé wúwo lé e lórí mọ́jú. Bíbélì ìyá mi àti ìwé atúmọ̀ èdè ni mò ń lò. Tí kò bá ṣe é, fi omi kan ẹ̀yìn bébà díẹ̀ kí ojú méjèèjì lè fà dọ́gba.

Ti aró, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ìyá_Aláṣọ_Iléṣà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago márùn-ún àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀ níbẹ̀ yẹn. Iléṣà ni mo wà, iṣẹ́ aró ni mo jogún, àwọn ọmọ mi ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n kà á sí mi létí, mo ní kí wọ́n tún un kà, nítorí pé inú mi dùn pé ẹnì kan ṣì pa ìyẹ́ adìyẹ ìyá rẹ̀ mọ́.

Gbọ́ mi dáadáa. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán. Inú ìkòkò, pẹ̀lú ewé ẹ̀lú àti omi eérú, ló ti ń rọ̀, tó ń wọnú òwú. Nígbà tí o bá fa aṣọ jáde, kì í kọ́kọ́ dúdú, ó máa ń rí bí ewé tó fẹ́ pọ́n ni. Nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni ó ń yí padà lójú rẹ, o ń wò ó tó ń di aró. Ìyẹn ni pé aró ti wà nínú òwú kó tó dúdú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rì í, tí a ń yọ ọ́, tí a ń sá a, tí a tún ń rì í. A kì í rì í lẹ́ẹ̀kan pẹ́ kó lè dúdú. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, aró á kàn dúró lórí aṣọ bí èérí. Tó bá wá di ìgbẹ̀yìn, a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́.

Báyìí, bébà tìrẹ, ìgbà wo lo fọ̀ ọ́? Kò ṣe é fọ̀. Aró tí kò wọnú rẹ̀ wà lójú rẹ̀ bí àtíkè, ohun tó bá kàn án ló ń mú un lọ. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló burú. Ohun tí o kùn ún sí ni kò gbà á.

Nítorí náà fi bébà sílẹ̀. Mú aṣọ fúnfun tó jẹ́ òwú pátápátá, gé e ní ìwọ̀n tó fi díẹ̀ ju káàdì rẹ lọ. Fi láfún ro ẹ̀kọ rẹ kó ki, fi álọ́mù díẹ̀ sí i kó má baà tètè bàjẹ́. Ya ọnà rẹ, sá a kó gbẹ kó gan, rì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí o máa sá a láàárín. Lẹ́yìn náà rẹ ẹ́ sómi, fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́. Tó bá gbẹ, fi aṣọ fúnfun mìíràn nù ún dáadáa. Tí aṣọ fúnfun yẹn bá jáde ní fúnfun, o lè ránṣẹ́ náà síbi tó wù ọ́. Tí kò bá jáde ní fúnfun, tún un fọ̀.

Ìgbà tí o bá ṣe gbogbo ìyẹn tán ni kí o tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí.

Ọmọ_Aláró_Ìrèmọ
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje àárọ̀

Mà, mo kúnlẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an mà. "Bí àtíkè" yẹn ti yé mi tán. Kí ni kí n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí? Mo ti fi ẹ̀kọ lẹ nǹkan rí, àwọn aáyán jẹ ẹ́.

Ìyá_Aláṣọ_Iléṣà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje kọjá

Gọ́ọ̀mù fúnfun tí àwọn káfíńtà ń lò. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kí o má da á bí ọbẹ̀, kó má baà là jáde sójú aṣọ.

Ṣọ́ọ̀bù_Sábó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mọ́kànlá àárọ̀

Ẹ má bínú, mo fẹ́ béèrè. Owó dà níbẹ̀? Ẹ ń ra sítáǹbù, ẹ ń ra bébà, ẹ ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ẹ wá fún òyìnbó lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ àdìrẹ tó jẹ́ ìlàjì yáàdì ní Ọ̀ṣogbo, owó gidi ni wọ́n ń tà á fún àwọn àlejò.

Olóǹtẹ̀_Lágere
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjìlá ọ̀sán

Ìbéèrè rẹ kò burú, ará Sábó. Èmi náà ń ta òǹtẹ̀, ohun tí mo fi ń jẹun ni. Ṣùgbọ́n káàdì pàṣípààrọ̀ yàtọ̀. Tí mo bá ń ṣe ti títà, ojú oníbàárà ló ń wà lọ́kàn mi, ohun tó ń yá ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo bá ń ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, tí mo mọ orúkọ rẹ̀, tí mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn ẹja, mo máa ń gbẹ́ ohun tí mi ò gbẹ́ rí. Ọnà mẹ́ta nínú èyí tí mò ń tà báyìí, inú káàdì ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti jáde. Mi ò sì fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́: gbogbo àwọn tí mo fún, tiwọn wà lára ògiri mi.

Bàbá_Tíṣà_Ọnà
Ọjọ́ Rú, aago mẹ́jọ alẹ́

Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ ọnà ni mo kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama fún ọdún pípẹ́, Ifẹ̀ níbí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nǹkan yìí ti wá, lẹ́yìn náà kí n sọ ibi tó ti wà kó tó wá.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Ray Johnson, Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1927. Ó máa ń gé bébà lẹ̀ mọ́ bébà, á ya nǹkan sí i, á wá fi í sínú lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀. Á kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi tiwọn kún un, kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, agbo àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gbòòrò, wọ́n ń pe agbo náà ní New York Correspondence School, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ilé-ìwé kankan. Ó kú ní 1995. Nínú àfihàn irú iṣẹ́ yìí, àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kò sí adájọ́ tó ń yan èyí tó dára, ohun gbogbo tó bá dé ni wọ́n ń gbé kọ́, wọn kì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ oníṣẹ́, wọn kì í sì í dá iṣẹ́ padà. Káàdì kékeré tí ọmọ wa ń ṣe yìí kéré lọ́jọ́ orí: ìlú Zurich ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni M. Vänçi Stirnemann ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní 1997 ló pe àwọn èèyàn jọ kí wọ́n máa pààrọ̀.

Ìyẹn ni ti ọ̀dọ̀ wọn. Ní tiwa, Ifẹ̀ yìí kan náà, ní Arúbídì, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní 1968, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò wọ yunifásítì ti kọ́ ìtẹ̀wé ọnà pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ní 1989, àwọn ayàwòrán tó jáde láti yunifásítì Ifẹ̀, bíi Moyo Okediji, Kunle Filani, Tola Wewe àti Bolaji Campbell, dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí á gbé iṣẹ́ wa lé orí ọnà tí àwọn ìyá wa ń fín sára ògiri, sára igbá, sára aṣọ. Ẹni tó bá ń ya Olókun sórí káàdì ní Ìrèmọ, orí ilẹ̀ tó ti nípọn ló dúró sí.

Ṣùgbọ́n èyí tó jinlẹ̀ jù ni àrokò. Kí pósófíìsì tó dé, àwọn baba wa ti ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ránṣẹ́. Wọn á fi okùn sín owó ẹyọ, wọn á so ìyẹ́ mọ́ ọn tàbí nǹkan mìíràn, ẹni tó bá gbà á á kà á bí ìwé. Owó ẹyọ méjì tó kojú síra: mo fẹ́ rí ọ. Méjì tó kẹ̀yìn síra: ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ láàárín wa. Mẹ́fà: ẹ̀fà, ọkàn mi fà sí ọ. Tó bá gbà, ẹ̀jọ ló máa fi dáhùn, mẹ́jọ: ọ̀rọ̀ wa jọ. Orúkọ nọ́ńbà gan-an ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ_Aláró, o ń wá ohun tí o máa yà? Ya àrokò.

Akọ̀wé_Odò_Ògbè
Ọjọ́ Rú, aago mẹ́wàá alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ tako ẹyọ kan nínú ọ̀rọ̀ yín. Àrokò kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á, àwọn méjèèjì ló ní in; ìránṣẹ́ tó gbé e lè má mọ ohun tó ń gbé. Tí a bá wá fi í ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ èdè, tí kò mọ̀ pé ẹ̀fà ni mẹ́fà, owó ẹyọ mẹ́fà lásán ló gbà. Tí a bá sì kọ ìtumọ̀ mọ́ ọn, kò tún jẹ́ àrokò mọ́. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ẹni tí a sọ odidi fún, kí ló kù kó ṣe?

Mi ò ní kí àbúrò wa má ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó ro ó dáadáa.

Bàbá_Tíṣà_Ọnà
Ọjọ́ Bọ̀, aago méje àárọ̀

Ọ̀rọ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ mi, Akọ̀wé, mo sì dúpẹ́ pé o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ àrokò láyé àtijọ́ náà, ẹnì kan ló kọ́ ọ. Wọn kì í bí ọmọ mọ́ ìtumọ̀ owó ẹyọ. Ṣé kò ní ṣeé ṣe kí ó kọ́ obìnrin náà ní ẹyọ kan péré, kó wá fi ìyókù sílẹ̀ fún un?

Akọ̀wé_Odò_Ògbè
Ọjọ́ Bọ̀, aago mẹ́jọ àárọ̀

Ẹyọ kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀ sà.

Òṣìṣẹ́_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ìdí iṣẹ́ lẹ́tà ni mo ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo yín ti sọ ti ọnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà.

Lẹ́tà kì í rìn bí ẹ ṣe rò. Wọ́n ń jù ú sínú àpò, wọ́n ń to nǹkan lé e lórí, nílẹ̀ òkèèrè ẹ̀rọ ló ń yà á sọ́tọ̀, ẹ̀rọ yẹn sì ní rọ́là tó ń tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, káàdì gbọ́dọ̀ wà láàárín páálí méjì tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, kí o fi bébà ọlọ́ràá sí ojú rẹ̀ kó má baà ra mọ́ nǹkan mìíràn. Má fi pínnì sítépùlà de ẹnu àpòòwé. Má fi owó ẹyọ gidi sínú lẹ́tà pẹlẹbẹ, ẹ̀rọ á fọ́ ọ, á sì ya àpòòwé. Ohun tó bá ní kókó lára, bí ẹrù kékeré ni kí o fi í ránṣẹ́, kì í ṣe bí lẹ́tà.

Wọ̀n ọ́n kí o tó kúrò nílé. Ìpele àkọ́kọ́ nínú owó lẹ́tà òkèèrè sábà máa ń parí sí gíráàmù 20. Káàdì kan, páálí méjì, àpòòwé àti lẹ́tà ojú kan, ó máa ń wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ gan-an, ó kù díẹ̀ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí sítáǹbù kò bá tó, ó lè padà, ó lè dúró, wọ́n sì lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí o fi ránṣẹ́ sí, ìyẹn sì tini lójú. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, wọ́n á bá ọ wọ̀n ọ́n.

Àdírẹ́sì: lẹ́tà gàdàgbà, íńkì tí omi kì í fọ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè ní ìlà ìkẹyìn, ní lẹ́tà ńlá. Ní ti tìrẹ, kọ àdírẹ́sì rẹ sẹ́yìn, kí o sì fi nọ́ńbà ìlú sí i. 220 ni ti Ifẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, 233 ni ti Iléṣà. "Ẹ̀yìn mọ́sálásí ńlá, ilé aláwọ̀ ewé" kò ní mú ìdáhùn padà wá láti Jámánì. Èyí tó dára jù ni kí o gba P.O. Box, tàbí kí o bẹ ẹni tó ní in kí o máa lo tirẹ̀, kí o sì máa lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn èèyàn ní ó sọnù, inú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ló ti ń gbé.

Aṣọ tí o lẹ̀ mọ́ káàdì, tó bá jẹ́ pẹlẹbẹ, tó jẹ́ ẹyọ kan, ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó wà lórí káńtà kó tó gbà á. Ohun tó bá jẹ́ ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀bùn, fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní CN22 ló ń tẹ̀lé e: kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe wọ̀n tó, àti iye rẹ̀. Òótọ́ ni kí o kọ. Ilẹ̀ bíi Ọsirélíà kì í gba kóró, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ bọ̀rọ̀, nítorí àìsàn ewéko àti ti ẹran. Ìyẹ́ adìyẹ ìyá rẹ, nílé ni kó jókòó.

Ti èyí tó pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá: mo ti rí lẹ́tà tó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, mo sì ti rí èyí tí kò dé láéláé. Èyí tó bá ṣe iyebíye fún ọ, réjísítà ni kí o ṣe, á ní nọ́ńbà tí wọ́n lè fi wá a. Ó wọ́n díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1874 ni orílẹ̀-èdè 22 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ìlú Bern pé lẹ́tà tí ẹnì kan bá san owó rẹ̀ níbìkan, gbogbo wọn á bá a gbé e délé. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1961. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń ronú sí i nígbà míì tí mo bá ń lu òǹtẹ̀ lórí sítáǹbù ọmọ kékeré kan. Ẹni tó gbé e ní ìparí ọ̀nà kò mọ ọmọ náà rárá, ó sì ń gbé e lọ.

Alámọ̀_Ilódè
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Amọ̀ ni èmi ń mọ. Orí kékeré bíi ti Ifẹ̀, tó tó ẹyin adìyẹ, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Brazil. Ṣé ó lè lọ?

Òṣìṣẹ́_Fẹ̀yìntì
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méjìlá ọ̀sán

Ó lè lọ bí ẹrù kékeré, tí kò bá ti ju kìlógíráàmù 2 lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: ohun tó bá jọ ohun àtijọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró, nítorí òfin kò gbà kí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kúrò nílùú láìsí ìwé àṣẹ. Òfin náà ti wà láti 1979. Wọn kò ní mọ̀ lójú pé àná lo mọ tìrẹ. Gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lẹ́bàá ààfin ní Enúwà, béèrè bí wọ́n ṣe ń fúnni ní ìwé pé iṣẹ́ tuntun ni. Kí o sì gbẹ́ orúkọ rẹ àti ọdún sí abẹ́ ọrùn rẹ̀ kó tó wọ iná.

Alámọ̀_Ilódè
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago méjìlá kọjá

Orúkọ àti ọdún. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ṣeun sà.

Ọmọ_Aláró_Ìrèmọ
Oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, aago méje alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ti fẹ́ kọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, mo ní kí n dúró títí èsì á fi dé.

Mo fọ ọ̀kan nínú ìkòkò ìyá àgbà. Mo da omi òjò nù, mo fi kànrìnkàn ha inú rẹ̀, àwọ̀ aró ṣì wà lára ìkòkò náà láti ìgbà ayé wọn. Ẹ̀lú tí mo rà ní ọjà, mo gún un, mo tò ó, ìgbà àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá, ó rùn débi pé àwọn ará ilé bínú. Ìgbà kejì, mo pe Ìyá_Aláṣọ lórí fóònù, wọ́n ní eérú mi kò tó. Ó dára lẹ́yìn ìyẹn. Mo rí i nígbà tó ń yí láti àwọ̀ ewé sí aró, mo jókòó sílẹ̀ ń wò ó, mi ò lè ṣe nǹkan mìíràn.

Aṣọ fúnfun tí mo fi nù ún, ìgbà kẹrin ló tó jáde ní fúnfun.

Ní ti ọnà, mo ya owó ẹyọ mẹ́fà, pẹ̀lú ìyẹ́ ìyá àgbà, sí àárín káàdì, kò sí nǹkan mìíràn. Mo ya méjì méjì, ojú kọjú síra. Nínú lẹ́tà, mo kọ ẹyọ kan péré, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹnu kò sí i: mo ní "mẹ́fà" lédè wa jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú kí ọkàn fà sí ènìyàn, àti pé tó bá gbà, nọ́ńbà kan wà tó máa fi dáhùn, kó wá a fúnra rẹ̀. Gíráàmù 18 ló wọ̀n lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Mo ṣe réjísítà.

Àná ni èsì obìnrin Jámánì náà dé sínú àpótí tí mo ń yá lò. Páálí kékeré ni, ó sọ pé òun béèrè lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá kan tó ń kàwé ní ìlú òun. Kò ní owó ẹyọ. Bọ́tìnnì ló rán mọ́ bébà, mẹ́jọ, àwọn bọ́tìnnì àtijọ́ tó ti ara kóòtù ìyá rẹ̀ já, àwọ̀ wọn kò bára mu, ọ̀kan ti sán. Aró kankan kò ṣí sára nǹkankan.

Lẹ́tà tó pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá náà ti dé, ó wà nínú fọ́tò tó ya, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti tuntun.

Akọ̀wé_Odò_Ògbè
Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́jọ alẹ́

Mo gbà. Mo gbà pátápátá.

Ìyá_Aláṣọ_Iléṣà
Ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún àárọ̀

Ọmọ mi, Olúwa á bù kún ọwọ́ rẹ. Àwọn bọ́tìnnì náà, báwo ló ṣe rán wọn? Ṣé ojú wọn kọjú síra?

Ọmọ_Aláró_Ìrèmọ
Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Méjì méjì. Ó gbé ojú ọ̀kan lé ojú èkejì, ó wá fi òwú aláwọ̀ aró so wọ́n pọ̀.